Ilà Ojú Tí Fóònù Mi Pa Rẹ́

Òórùn awọ màlúù tí wọ́n ń fi iná sun ni ó máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ṣùgbọ́n tí o bá la ìloro kọjá, tí o yà sọ́wọ́ òsì níbi tí àwọn ìyàwó ilé ń to kẹ́ẹ̀gì omi sí, òórùn mìíràn ni wàá gbọ́: òórùn láfún tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n sè títí ó fi di gọ́ọ̀mù, tó kan díẹ̀, tí wọ́n sì kán kẹrosíìnì sí kí aáyán má baà sọ ọ́ di oúnjẹ. Yàrá àbúrò bàbá bàbá mi nìyẹn. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn láfún tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan, ojú mi á kọ́kọ́ wá pépà kí ó tó wá ọbẹ̀.

Bàbá Alápatà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, láti Bẹyẹrúnkà títí dé Ọjà'ba. Ẹran pípa ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ló fi tọ́ ọmọ, òun náà ló fi kọ́lé. Ọkùnrin gbàǹgbà ni, ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí ọmọ odó, ohùn rẹ̀ sì lè mú kí ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ onílẹ̀ ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun Alásárì tán, tó ti wẹ ọ̀rá ẹran kúrò lára, á wọ bùbá funfun kan báyìí, á tẹ́ ẹní síwájú fèrèsé, á mú bíléèdì, á sì máa gé pépà. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, páálí ṣúgà, àpò sìmẹ́ńtì, káàdì ìpè ìgbéyàwó àwọn tó ti bímọ mẹ́ta, kò sí pépà tó fojú kéré. Ó gé ẹyẹ kan tó máa ń na ìyẹ́ bí o bá fa òwú ìdí rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òrùlé Ìbàdàn bí a ṣe ń rí wọn láti orí òkè Mápó, ìpele lé ìpele, pépà àpò sìmẹ́ńtì tó fi omi tíì ra lára títí ó fi pọ́n bí páànù tó ti dógùn-ún. Ó gé fèrèsé sára ilé kọ̀ọ̀kan, fèrèsé tí kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ, ó sì gbé iṣẹ́ náà síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ti gba inú wọn kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò fẹ́ kúrò níwájú rẹ̀. Mo kàn jókòó sílẹ̀ ni.

Kò ta ọ̀kan rí nínú wọn. Àwọn alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní àgbà ti padà sí jẹ́léósinmi. Òun náà kì í wá èsì tì. "Ẹran, ẹ̀yin ni mò ń gé e fún," ni yóò wí. "Pépà yìí, ara mi ni mò ń gé e fún." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, bó bá sì di ọjọ́ kejì lẹ́yìn Alásárì, á tún wà lórí ẹní rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti dá wa padà sílé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, nínú agbo ilé náà. Fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ni gbogbo ọrọ̀ tí mo ní. Kò sí ìwé tí mo fẹ́ kà, kò sí iṣẹ́ tí mo rí ṣe, ni mo bá sọ fọ́tò di ohun ìṣeré. Mo gbé gbọ̀ngàn Mápó kúrò lórí òkè, mo gbé e lé orí ìkùukùu. Mo kun ewúrẹ́ ilé wa ní àwọ̀ aró. Mo fi ọkọ̀ ojú omi sáàárín títì Bẹẹrẹ bí ẹni pé òkun ni. Mo gbé Màmá dúró síwájú Káába, ó fi í han ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Àlájà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ̀rí ọkàn tó mú un jẹ́wọ́. Àwọn ará ilé ní mo ń fi dátà ṣòfò. Bàbá Alápatà nìkan ló máa ń gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, á nà án jìnnà sójú bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, á sì wò ó bí ẹni ń yẹ ẹran wò.

"Ojú ọ̀run yìí kò jókòó dáadáa lára ilé," ló sọ lọ́jọ́ kan nípa Mápó mi. "Wo etí rẹ̀ bó ṣe rí játijàti."

"Bàbá, ìka ni mo fi gé e o, kì í ṣe bíléèdì."

"Gígé ni gígé ń jẹ́. Lọ tún un gé."

Mo kùn wọn-in wọn-in, ṣùgbọ́n mo tún un gé. Bóyá ìwọ náà ti rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tí yóò mú eré rẹ bí iṣẹ́ nígbà tí ìwọ gan-an kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ni.

Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ojú rẹ̀ sì ń lọ. Dókítà ojú ti sọ fún bàbá mi pé àrùn náà ti pẹ́ lára ojú, pé oògùn tí à ń kán sí i kàn lè dá a dúró díẹ̀ ni, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ kan lójú ọ̀tún ló kù fún un, ohunkóhun tó bá sì fẹ́ mọ̀, á kọ́kọ́ gbé e súnmọ́ imú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé férémù tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì òun sọ̀kalẹ̀. Fọ́tò ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí obìnrin náà yà láyé. Àjà tó ń jò ti da omi sí i lára lọ́dún bíi mélòó kan, àwọ̀ pupa rúsúrúsú sì ti gba ìdajì rẹ̀.

"Kí ojú yìí tó kú tán, mo fẹ́ rí ìyá mi dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Màmá wí. "Ìwọ tí o gbé mi dé Mẹ́kà láìwọ bàálù, ṣé o ò lè bá mi tún un ṣe ni?"

"Màá ṣe é, Màmá. Kò ní pẹ́ rárá."

Ẹnu mi yá ju ọwọ́ lọ. Fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, òjò ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo gbé e síta, mo yà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kọ mànà lára gíláàsì, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ funfun kan bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì obìnrin náà. Ó yẹ kí n ní sùúrù, kí n dúró de ìrọ̀lẹ́, kí n tún un yà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wá ọ̀bẹ tín-ín-rín kan, mo tì í bọ abẹ́ fọ́tò náà, mo sì fà á. Ó wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kò bá a wá. Nígbà tí mo ta omi sí gíláàsì náà kí n lè ṣí èyí tó kù, ó di ẹrọ̀fọ̀ funfun mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fọ ọwọ́ mi, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé fóònù yóò bò mí láṣìírí. Áàpù kan wà tí gbogbo àwa ọ̀dọ́ ń lò nígbà náà, tó bá ti rí ojú, á tún un ṣe. Mo fi fóònù ya èyí tó kù, mo tẹ áàpù náà lẹ́ẹ̀kan, àbàwọ́n òjò lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì hù padà, awọ ojú náà sì ń dán bí ti arẹwà inú kàlẹ́ńdà. Inú mi dùn débi pé mi ò wo ohun mìíràn tó bá àbàwọ́n náà lọ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ní Bẹẹrẹ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá, mo ra férémù tuntun, mo sì ń rìn bọ̀ wálé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Màmá gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ta nìyí?"

"Ìyá yín ni, Màmá."

"Ìyá mi kọ àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin. Ojú bọ̀rọ́ ni obìnrin yìí ní. Ta ló pa ilà ìyá mi rẹ́?"

Èmi àti ìwọ, ojú bọ̀rọ́ la fi dàgbà, ojú àwọn àgbà nìkan la ti ń rí ilà, a kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà sì ti kọ́ ọ pé ohunkóhun tó bá là lójú ọmọ èèyàn, àléébù ni, kó nù ún kúrò. Ohun tí wọ́n fi mọ ọmọ ilé wọn láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ẹ̀rọ kà á mọ́ àbàwọ́n òjò, èmi náà sì fọwọ́ sí i. Màmá kò pariwo mọ́ mi, ìbá sàn fún mi kó pariwo. Ó kàn gbé férémù náà padà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó rẹwà o. Gbé e fún àwọn tó ni ín."

Ẹkún ni mo sun dé yàrá Bàbá Alápatà. Ó ń sá pépà sìmẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tíì ra. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí gíláàsì dórí ọ̀bẹ. Ó gba fọ́tò tó ya náà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e súnmọ́ fèrèsé.

"O fi ọ̀bẹ fà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀bẹ kì í fa nǹkan. Nǹkan ni ọ̀bẹ ń gé." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Dìde, ká lọ bá ìyàwó."

Ìyàwó tó ń wí náà ni Màmá. Ọmọ kékeré ni Bàbá nígbà tí wọ́n gbé Màmá wọ agbo ilé náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ni ìyàwó ń jẹ́, kò gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Nítorí pé ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà, ó sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, orúkọ yẹn ló sì ń pè é títí dìgbà tí ọkùnrin náà fi ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín máa ń pa wá bí ó bá ti pè é. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín kò pa ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàpèjúwe ilà ìyá yín fún mi."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Màmá fà mí mọ́ra, ó gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi, ó sì fà á láti ẹ̀bá imú lọ síhà etí, ìlà mẹ́rin tó dúró déédéé lórí ara wọn. Ó bọ́ sí òsì, ó fa mẹ́ta. Nígbà tó dórí ìkẹrin, ìka rẹ̀ dúró lágbedeméjì. Ó ní bí olóólà ṣe ń fa ìyẹn ni ìyá òun yí orí padà, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ilà kúkúrú yẹn ni mo máa ń fi ìka tọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, títí oorun á fi gbé mi lọ," ló wí. Mo wo ojú Bàbá. Ó ń wo ìka Màmá lẹ́rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni pé ohun tó ń wá ti wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀, kánmọ́kánmọ́ ni, nítorí ojú Màmá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá ní kí n ju ti áàpù yẹn nù, kí n padà sí fọ́tò tó ya, kí n ṣe é ní ńlá, kí n má sì nu ohunkóhun. Mo wá pín in sí ìpele márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bọ́ sí ojú náà, láti ibi tó mọ́ jù dé ibi tó dúdú jù, mo sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lórí pépà lásán. Ó ní ohun tí òun ti ń fi ojú inú wá láti ogún ọdún nìyẹn, pé àṣé fóònù lè sọ ibi tí ojú ti ga àti ibi tó ti lọ sílẹ̀. Àbí o mọ bí orí mi ṣe wú tó? Ó tẹ́ ìpele mi sórí páálí, ó gé e, ó sì ń tò wọ́n lé ara wọn. Awọ ìyá Màmá di pépà sìmẹ́ńtì. Gèlè rẹ̀ di ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, ìṣẹ́po rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn òsì tó ti sọnù, ó sì gé e. Imú náà yọ. Ètè náà yọ. Ọwọ́ tó ń fọ́ egungun màlúù láàárọ̀ ló ń gé ìpéǹpéjú nírọ̀lẹ́, mi ò sì rí i kí ó gbọ̀n rí.

Ilà ló kù. Mo ní kí n bá a fi bírò yà á. Ó wò mí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀.

"Abẹ ni wọ́n fi kọ ọ́ lójú ìyá yẹn. Ta ló fi bírò kọlà rí?"

Ó fi bíléèdì la àbàjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti òwú pépà tín-ín-rín bọ abẹ́ etí ibi tó là kọ̀ọ̀kan kó lè ga díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, á di ojú, á sì fi ìka tọ̀ ọ́. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ya odidi ojú náà dànù, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ojú mẹ́ta ló bàjẹ́ nítorí ilà kúkúrú yẹn nìkan. Ó kọ́kọ́ gùn jù, ó tún kúrú jù, lẹ́ẹ̀kẹta ni òpin rẹ̀ mú jù. "Ọmọdé ló yí orí padà," ló ń tẹnu mọ́ ọn. "Kì í ṣe pé wọ́n dá a dúró. Ó yẹ kó rí bí ohun tó sá." Mo ti jókòó níwájú àwọn olùkọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tó kọ́ mi ní bí èèyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìlà kan ṣoṣo bí i ti ọkùnrin yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, la gbé e lọ. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó yí i sí oòrùn. Ó yí i padà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń wá nǹkan tí kò rí, mo sì mọ̀ pé a ti pẹ́ jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí a fi ń gé pépà, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀tún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

"Òkùnkùn ni, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ló sọ. "Mi ò rí i mọ́."

Bàbá lọ kúnlẹ̀ tì í, àgbàlagbà gbàǹgbà bẹ́ẹ̀. Ó mú ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fi ojú sílẹ̀, ìyàwó. Ìka lẹ fi ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Ìka Màmá gun gèlè náà, ó sọ̀kalẹ̀ sí iwájú orí, ó rọra gba ẹ̀bá imú kọjá. Ó ka àbàjà ọ̀tún, mẹ́rin. Ó bọ́ sí òsì. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ìkẹrin dúró lágbedeméjì, ìka náà sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀. Ó tún un tọ̀, ó tún un tọ̀, ó ń sọ nǹkan kan lábẹ́nú tí àwa méjèèjì kò gbọ́, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ irú èyí tí mi ò rí níbẹ̀ rí, ẹ̀rín ọmọdé. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà. Kò ráyè wa.

Fún bí ọdún mẹ́rin tó tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn ni òkùnkùn fi wà lójú rẹ̀ pátápátá, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ojú pépà náà máa ń wà. Ó tọ ilà náà débi pé ilà òsì fẹ́lẹ́, ó sì di bọ̀rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wá wò wọ́n láti ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé e fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó bá òun tún un kọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Alápatà ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, ó ti fi ọjà sílẹ̀. Ó kàn na bíléèdì sí mi. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi ṣe é níwájú rẹ̀, mo ń dijú, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́, mo ń ya á dànù. Òun kò sọ ju "Tún un gé" lọ.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ka ọ̀tún, ó ka òsì, ó dúró níbi tó máa ń dúró sí.

"Ọwọ́ mìíràn ló gé èyí," ló sọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n."

"Mi ò bínú. Olóólà yí padà ni. Ìyá mi náà nìyí."

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe jẹun báyìí, àwọn èèyàn sì ń gbé ojú òkú àti alààyè wá bá mi pé kí n bá wọn tún un ṣe. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi lónìí yára ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Síbẹ̀, kí n tó nu ohunkóhun kúrò lójú ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó gbé e wá léèrè ibi tí ìka rẹ̀ máa ń dúró sí lójú náà. Àwọn kan á rò pé orí mi dàrú. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè nínú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì máa wá a.